Ọjọ́ Mẹ́wàá Ṣíbí Kékeré

Aago méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìlà sì ti gùn dé ẹnu ọ̀nà. Ooru ìrẹsì. Ooru ẹ̀wà. Ooru ara àwọn ọ̀dọ́ tó ti wà ní kíláàsì láti àárọ̀. Lẹ́yìn kántà, obìnrin kúkúrú kan tó fi aṣọ funfun wé orí ń bu oúnjẹ, kò wo ṣíbí, kò wo abọ́. Ojú ẹni tó gbé abọ́ dání ló ń wò.

"Ìwọ yìí, o ò sùn lánàá."

"Ìdánwò ni, Ìyá."

"Ìdánwò ò ní kí o má sùn. Gbé abọ́ wá."

Ṣíbí á tún wọ inú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá: Ìyá Bùkún. Àwọn tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ti ń rán ọmọ tiwọn wá sí yunifásítì náà báyìí, orúkọ yẹn ló sì máa ń wà lẹ́nu àwọn ọmọ kí wọ́n tó mọ ọ̀nà kíláàsì.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti wà ní ilé ìjẹun yẹn. Abọ́ fífọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta nídìí omi gbígbóná, títí gbogbo ìka rẹ̀ fi hun jọ. Lẹ́yìn náà, àlùbọ́sà gígé. Lẹ́yìn náà, ìkòkò. Lónìí òun ni olórí alásè, ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ní ọ́fíìsì kékeré kan tó ní àga. Kì í jókòó sí i. Àpò iyọ̀ ló jókòó sórí àga náà.

Ìwé mẹ́fà ló kà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ iye ènìyàn fún un, á sọ iye ìrẹsì fún yín kí ẹ tó pa ẹnu dé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Dókítà wọlé. Dókítà tí kì í fún ènìyàn lábẹ́rẹ́ ni, olùkọ́ ni. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń pá lọ nígbà tó bá ń ronú. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e, ó ní ìwé kékeré lọ́wọ́, bíró lẹ́yìn etí.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. A wá bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Rárá, mà."

"Ẹ jẹun ná. Ọ̀wẹ̀ kì í sá lọ."

Ìdí oúnjẹ ni wọ́n ti ṣàlàyé. Kíláàsì kan ni Dókítà ń kọ́. Ìdajì akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà níbí, ìdajì yòókù wà ní yunifásítì kan lókè òkun, lábẹ́ olùkọ́ tiwọn. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń pàdé, ojú kojú, lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́: mẹ́ta níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan tí wọ́n jọ máa ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjìlá.

"Kí gan-an ni wọ́n ń kọ́?"

"Bí a ṣe lè lo ayé láìjẹ ìpín àwọn ọmọ tó ń bọ̀ mọ́ tiwa."

Ìyá Bùkún ronú díẹ̀. "Ìyá mi ò dé ilé ìwé rí, ṣùgbọ́n ebi yòówù kó pa wá, kì í jẹ́ ká jẹ irúgbìn."

"Ẹ gbọ́, ìyẹn dáa! Ó yẹ ká kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọmọbìnrin náà ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Bùkún wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Akọ̀wé ni wọ́n bí ẹ," ó ní. Láti ọjọ́ yẹn, Akọ̀wé ló ń jẹ́.

Akọ̀wé ló sọ ìyókù. Ẹgbẹ́ tiwọn ló ń wo oúnjẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi sílẹ̀ nínú abọ́, èyí tó ń lọ sí ààtàn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n, níbí àti lọ́hùn-ún, lọ́jọ́ kan náà. Tí wọ́n bá ti mọ iye rẹ̀, wọ́n á jọ wá ọ̀nà tó fi máa dínkù. Garawa mẹ́ta, òṣùwọ̀n kan. Kò ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́.

"Ṣé àwọn ará ọ̀hún á rí i?"

"Gbogbo rẹ̀, Ìyá. Nọ́ńbà, fọ́tò, fídíò."

Ohun tí ọmọ náà sọ ni pé àwọn fẹ́ wọn oúnjẹ tó ń ṣòfò. Ohun tí Ìyá Bùkún gbọ́ ni pé àlejò ń bọ̀.

Nítorí náà ó ṣe ohun tí ènìyàn máa ń ṣe. Wọ́n fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n nu fèrèsé. Abọ́ tó ti sán létí, ó kó wọn pamọ́. Aṣọ ìdáná tuntun fún ènìyàn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó tó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó kó àwọn ṣíbí ńlá tí wọ́n fi ń bu ìrẹsì àti ẹ̀wà síbẹ̀, ó sì kó ṣíbí ọbẹ̀ jáde. Ìdajì ṣíbí ńlá ni wọ́n.

Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé ohùn rẹ̀ kì í ròkè, gbé ọ̀kan, ó yí i wò.

"Ìyá, èyí ńkọ́?"

"Òun la máa fi bù ú. Ọjọ́ mẹ́wàá péré. Ohun tí kò bá wọ abọ́ ò lè ṣẹ́kù sínú abọ́."

"Àwọn ọmọ yẹn á pariwo."

"Kí wọ́n pariwo. Tí àlejò bá wà nílé, ṣé ọmọ kì í fara mọ́ ọn ni?"

Jẹ́jẹ́ mi orí, ó fi ṣíbí náà sí ipò. Kò sẹ́ni tó pè é ní irọ́. Ta ni kò tíì ti aṣọ ìdọ̀tí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rí nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn?

*

Ọjọ́ kìíní.

"Ìyá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Kọjá lọ."

"Ìyá, ẹ̀wà yìí ṣeé kà. Mẹ́tàdínlógún ni."

"Tó o bá ti lè kà á, owó ilé ìwé ò lọ lásán nìyẹn. Kọjá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rín náà dínkù. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n kàn ń gbé abọ́ wọn lọ. Oníbúrẹ́dì ẹnu géètì, tó máa ń tà dé ìrọ̀lẹ́, ti ń tà tán, tó ń ká tábìlì rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán.

Ní aago méjì àbọ̀ lójoojúmọ́, Akọ̀wé á gbé garawa mẹ́ta sórí òṣùwọ̀n. Funfun fún ìrẹsì, pupa fún ẹ̀wà, àwọ̀ ewé fún ohun tó kù. Á ya fọ́tò. Á kọ nọ́ńbà sínú fọ́ọ̀mù tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ṣe. Ènìyàn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ló ń jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kílò méjìlá. Kílò mẹ́wàá. Kílò mọ́kànlá. Mọ́kànlá. Mọ́kànlá.

Lọ́hùn-ún, níbi tí iye ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, kílò mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n pe Ìyá Bùkún sí kíláàsì náà, kí òun àti olórí alásè ọ̀hún lè fojú rí ara wọn. Aago mẹ́ta ọ̀sán níbí. Àárọ̀ ni lọ́hùn-ún, yìnyín sì wà lẹ́yìn fèrèsé wọn bí ẹni da ìyẹ̀fun sílẹ̀. Ọkùnrin kan yọ sójú kọ̀ǹpútà. Apá rẹ̀ tóbi bí itan ènìyàn.

"Alápá rèé o!" Ìyá Bùkún pariwo. "Ẹ kí i. Ẹ ní mo kí apá méjèèjì."

Akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé apá kan sókè, ó sọ̀rọ̀.

"Ó ní ìkòkò ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ kú iṣẹ́, inú òun dùn láti rí yín."

"Ṣé òun ló sọ pé 'yín'?"

"Èdè wọn ò ní in, Ìyá. Èmi ni mo fi sí i."

"Ọmọ dáadáa. Máa fi sí i."

Lẹ́yìn náà Alápá gbé fóònù rẹ̀, ó sì mú wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀. Ó ṣí garawa ìdọ̀tí kan. Ó ṣí èkejì. Búrẹ́dì tí wọ́n gé ẹnu sí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dùnkún odindi. Adìyẹ tí ọwọ́ ò kàn. Ó ń tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàlàyé, ó ń mi orí. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Aṣọ ìdáná rẹ̀ pàápàá ní àbàwọ́n láyà.

Ojú ti Ìyá Bùkún fún un. Ó fi ẹnu sí etí Akọ̀wé. "Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé à ń bọ̀ ni?"

"Wọ́n sọ fún un, Ìyá."

"Ó mọ̀?"

"Ó mọ̀ ọ́n."

Alápá ti padà síbi ìjókòó rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó ń béèrè nǹkan kan tọkàntọkàn. Akọ̀wé ní, "Ó fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é tó fi jẹ́ kílò mọ́kànlá."

"Ọwọ́ ni," ó dáhùn. "Sọ fún un pé ọwọ́ ni."

Alápá kọ ọ́ sílẹ̀.

*

Ọjọ́ kẹjọ. Dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré wọlé. Igbákejì Ọ̀gá Àgbà yunifásítì ti rí nọ́ńbà náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Láti sáà tó ń bọ̀, gbogbo ilé ìjẹun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yunifásítì náà á máa bu oúnjẹ bíi ti Ìyá Bùkún. Wọ́n á wá wọn ṣíbí rẹ̀, wọ́n á ṣe irú rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ Akọ̀wé bá gbé èsì wọn kalẹ̀ ni wọ́n máa kéde rẹ̀.

"Orúkọ yín ló máa jẹ́, Ìyá! Ìwọ̀n Ìyá Bùkún. Wọ́n á kọ ọ́ sára ògiri."

"Ẹ ṣé o," ó ní.

Ó yíjú sí ìkòkò. Omi ń hó nínú rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tó fẹ́ fi sí i.

Ní aago méjì àbọ̀ ó lọ síbi òṣùwọ̀n. Akọ̀wé jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ.

"O ò jẹun ni?"

"Mo jẹun, Ìyá. Ẹ má bínú. Kò kàn… Gbogbo wa la ń ra búrẹ́dì láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú yàrá wa ti dẹ́kun wíwá síbí. Wọ́n ní kàkà ká tò sórí ìlà ká jẹ ìyẹn, oorun sàn."

"O kọ ìyẹn sílẹ̀?"

Akọ̀wé wo ìwé kékeré rẹ̀. "Kò síbi tí wọ́n ti béèrè rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù."

Bẹ́ẹ̀ sì ni òótọ́. Ọmọ mẹ́fà, orílẹ̀-èdè méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n béèrè ohun tó ṣẹ́kù. Wọn ò béèrè bóyá ó tó.

*

Ọkọ Ìyá Bùkún ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ò tíì wọ̀, ó ń tún ẹsẹ̀ àga ṣe níwájú ilé. Ó gbọ́ ìròyìn náà tán, ó sọ òòlù kalẹ̀.

"Ìyá ọmọ, kí ló wá kù tó ń dùn yín? Wọ́n ní wọ́n máa kọ orúkọ yín sára ògiri."

"Bàbá, ṣíbí kékeré ni."

"Mo mọ̀. Ẹ ti sọ."

"Ẹ gbọ́ mi ná. Ilé ìjẹun mẹ́rin. Ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ebi á máa pa wọ́n lójoojúmọ́, orúkọ mi á sì wà lókè orí wọn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gba orúkọ yẹn, Bàbá. Ṣé ebi ni orúkọ yẹn á wá máa túmọ̀ sí lẹ́nu àwọn ọmọ?"

Ó gbé òòlù padà, kò sì kàn án. "Ẹ sọ fún wọn nígbà náà."

"Kí n sọ fún wọn pé mo purọ́? Níwájú àwọn ará òkè òkun? Níwájú ọ̀gá? Akọ̀wé yẹn ńkọ́, máàkì rẹ̀ wà níbẹ̀."

"Ẹ rí i, nígbà tí mo ń wa ọ̀gá wa kiri, ó máa ń béèrè pé, 'Epo ńkọ́?' Ó fẹ́ràn kí n sọ pé ó kún. Inú rẹ̀ máa ń dùn. Ọjọ́ kan mo sọ pé ó kún, kò kún."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"A ti ọkọ̀. Èmi àti ọ̀gá. Ó wọ aṣọ funfun."

Ìyá Bùkún ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó sì di àga náà mú fún un kó lè kàn án.

*

Ọjọ́ tí wọ́n gbé èsì kalẹ̀. Yàrá ńlá, àga ogójì, aṣọ funfun fífẹ̀ lára ògiri tí ojú àwọn ará ọ̀hún ti ń hàn. Igbákejì Ọ̀gá Àgbà jókòó níwájú, fáìlì lórí itan. Akọ̀wé dìde, ó ka nọ́ńbà. Mọ́kànlá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ níbí, wọ́n pàtẹ́wọ́ lọ́hùn-ún, ohùn tọ̀hún sì ń dé lẹ́yìn bí gbohùngbohùn.

Dókítà ní kí Ìyá Bùkún wá sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ó lọ síwájú. Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ara aṣọ rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tutù.

"Ẹ kú ìjókòó. Akọ̀wé, dúró tì mí, kí o máa túmọ̀. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe òótọ́."

Akọ̀wé ò túmọ̀.

"Mo ní nọ́ńbà yẹn kì í ṣe òótọ́. Òṣùwọ̀n ò jẹ̀bi, ọmọ yìí ò jẹ̀bi. Èmi ni. Mo gbọ́ pé ẹ ń bọ̀, mo kó ṣíbí wa pamọ́, mo fi ìdajì rẹ̀ bu oúnjẹ fún wọn. Wọn ò fi nǹkan sílẹ̀ nítorí pé wọn ò yó."

"Ìyá," Akọ̀wé sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ṣé kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Dókítà ń fọwọ́ pa orí.

Igbákejì Ọ̀gá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ tàn wá nìyẹn, mà."

"Mo tàn yín, sà. Ẹ má fi ṣíbí yẹn fún àwọn ọmọ."

Ọ̀gá náà pa fáìlì rẹ̀ dé. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lára ògiri, Alápá ń sọ̀rọ̀. Akọ̀wé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó túmọ̀. "Ó ń béèrè pé kí ló dé tí ẹ fi ṣe é."

"Sọ fún un pé àlejò ni wọ́n."

Alápá gbọ́ ọ. Ó ronú gan-an, ó di apá mọ́ àyà. "Ó ní òun mọ̀ pé àlejò ni òun. Ó ní ilé ìdáná yín gan-an ni òun fẹ́ rí." Akọ̀wé mí kanlẹ̀. "Ó tún ní, kílò mélòó ni ẹ máa ń rí tó bá jẹ́ ṣíbí ńlá?"

"Mi ò mọ̀," Ìyá Bùkún ní. "Mi ò wọ̀n ọ́n rí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ẹgbẹ́ náà kó ìròyìn wọn sílẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n tún un wọ̀n. Ṣùgbọ́n máàkì mẹ́wàá wà fún èsì àkọ́kọ́, mẹ́wàá yẹn sì ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó sọ ọ́ láìbínú, ìyẹn ló sì burú jù.

Lẹ́nu ọ̀nà, Akọ̀wé dúró. "Ẹ ò bá ti sọ fún mi ṣáájú, Ìyá. Èmi nìkan. Ṣáájú kí n tó dìde."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo bẹ̀ ẹ́."

Akọ̀wé kúnlẹ̀ kí i, nítorí pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó sì lọ láìsọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

*

Wọ́n kó ṣíbí ńlá jáde. Ìlà hó yèè. Ẹnì kan fi ṣíbí lu abọ́ rẹ̀ bí ẹni lu agogo. Kílò mẹ́rìnléláàádọ́ta ni ọjọ́ kìíní.

Akọ̀wé wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàsán, mà" lọ. Ó so Alápá mọ́ orí fóònù, ó sì na fóònù náà sí Ìyá Bùkún. Obìnrin náà gbà á. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sórí garawa, tó gbé fóònù sún mọ́ ìdọ̀tí tirẹ̀. Funfun kọ́kọ́. Díẹ̀ ni. Àwọ̀ ewé. Díẹ̀ náà ni. Pupa.

Alápá pariwo nǹkan kan.

"Ó ní kí ẹ padà sórí pupa. Ó ń béèrè pé kí ni gbogbo ìyẹn."

Ẹ̀wà. Garawa náà kún dé ẹnu. Ìyá Bùkún wò ó bí ẹni tó bá ẹrù tí kò mọ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀wà tó jinná dáadáa, tó níyọ̀ tó, tí Jẹ́jẹ́ ń bù níbẹ̀rẹ̀ ìlà kí wọ́n tó kan ìrẹsì rárá.

"Ó ń béèrè bóyá wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ ni."

"Ta ni ò fẹ́ràn ẹ̀wà?"

Akọ̀wé ò túmọ̀ ìyẹn. Ó dáhùn fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lórí òṣùwọ̀n. "Èmi, Ìyá. Mo fẹ́ ṣíbí kan, méjì ni Jẹ́jẹ́ máa ń bù. Ìlà ń tì wá lẹ́yìn. Ẹnu ò gbà á láti sọ."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ti béèrè oorun wọn, ìdánwò wọn, àlàáfíà ìyá wọn nílé. Kò béèrè rí lọ́wọ́ ẹnì kankan bóyá ó fẹ́ ẹ̀wà.

Ìbéèrè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní tí òun bá ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ohùn òun á tán kó tó di aago kan. "Ohùn wo?" Ìyá Bùkún ní. "Ṣé èyí tí a ò gbọ́ rí?" Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní "ó tó," ṣíbí á dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní "ẹ fi sí i," ṣíbí á tún wọlé. Ìlà gùn sí i. Àwọn kan fi ìkánjú ṣépè. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á ti sọ tiwọn kí wọ́n tó dé kántà.

Mẹ́rìnlélógójì. Ogójì. Méjìdínlógójì.

Lọ́hùn-ún, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń bu oúnjẹ fúnra wọn, Alápá ti dúró sẹ́yìn kántà tirẹ̀, ó ń fi apá rẹ̀ bu ṣíbí àkọ́kọ́ fún wọn. Ó ní ohun tí òun rí lọ́dọ̀ Ìyá Bùkún nìyẹn: ẹnì kan tó ń wo ojú wọn. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti mẹ́tàlélọ́gọ́ta sí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti bú òun pé òun ń ṣahun. Ìyá Bùkún ní kó dá a lóhùn pé kó kọjá lọ.

Ìwé kankan ò wá láti ọ́fíìsì Igbákejì Ọ̀gá Àgbà nípa ṣíbí. Kò sẹ́ni tó wá wọn nǹkan kan. Wọ́n ní ó ti ń wá ohun mìíràn tó máa kéde, pé bóyá iná mànàmáná ló kàn. Ògiri ilé ìjẹun náà wà bó ṣe wà, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá. Kílò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ilé ìjẹun ti ṣófo, Jẹ́jẹ́ ń to àga lé tábìlì. Akọ̀wé ṣí kọ̀ǹpútà sórí kántà, ó ti ń kọ ìròyìn náà. Ó kọ, ó dúró. Ó kọ, ó pa á rẹ́. Ìyá Bùkún ń nu ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá," Akọ̀wé ní nígbẹ̀yìn, "abala kan wà. Ohun tí kò lọ bó ṣe yẹ. Àwọn tó máa ṣe kíláàsì yìí lọ́dún tó ń bọ̀ ló máa kà á, níbí àti lọ́hùn-ún. Dókítà ní mo lè kọ ọ́ ṣókí. Mo lè ní 'ìṣòro wà pẹ̀lú ìwọ̀n àkọ́kọ́.'"

"Ṣé ìwọ̀n ló níṣòro?"

"Rárá, mà."

"Kọ pé olórí alásè dín oúnjẹ kù nítorí pé àlejò ń bọ̀. Kọ pé ebi pa yín. Kọ pé ẹ ń ra búrẹ́dì, ẹ ò sì kọ ọ́ sílẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Tí o bá yọ tèmi, yọ tìẹ náà."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín díẹ̀, àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó kọ ọ́. Ó kà á sókè, Ìyá Bùkún ní kó yí ibì kan padà, ó yí i padà. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn márùn-ún yòókù. Lẹ́yìn náà ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Ìyá, ṣé nǹkan kù nínú ìkòkò?"

"Ó kù." Ó ti dìde, ó ti mú abọ́. "Ẹ̀wà ńkọ́?"

"Ẹ máa bù ú lọ. Mo máa sọ tó bá ti tó."